Kí Ló Dé Tí Àkàrà-oògùn Fi Ẹsẹ̀ Rìn Lọ sí Òkè Láńgbòdó?

Ìbéèrè kan wà ní ìlú Gbọ̀ngán tí ó ti mú kí ọlọ́kọ̀ kan gbàgbé èrò sí ibùdókọ̀, tí ó sì ti mú kí bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì lọ tú àpótí ìwé tí kò ṣí láti ọdún gbọọrọ. Ìbéèrè náà kò ju èyí lọ: nígbà tí Àkàrà-oògùn ní egbé lọ́wọ́, kí ló dé tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkè Láńgbòdó?

Ẹni tí kò bá ka ìwé Fágúnwà rí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́ ni. Kí ó fara balẹ̀ ná. Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà, olùkọ́, ọmọ Òkè-Igbó, gbé ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀, ọdẹ kan tí ń jẹ́ Àkàrà-oògùn jókòó, ó ń ròyìn ayé ara rẹ̀, ẹlòmíràn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọdẹ yìí wọ igbó tí iwin, ẹbọra àti àǹjọ̀nnú ń gbé, ó bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wọ̀yá ìjà, ó fara gba ìyà, ó sì padà wálé. Ní ọjọ́ kan tí ẹ̀rù bà á nínú igbó, ó lo egbé, egbé sì gbé e dé iyàrá rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Nígbà tí ó wá yá, ọba rán òun àti àwọn ògbójú ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Ebi pa wọ́n, ẹbọra dínà fún wọn, púpọ̀ nínú wọn kò sì padà bọ̀. Egbé ńkọ́?

Ìsọ̀ ìyá oníwèé kan ni a ti máa ń jà á, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí ọjà bá ti ń tú. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, pẹ́ńsù, lẹ́ẹ̀dì àti ìwé ìròyìn ni ìyá náà ń tà, ó sì ní àga gbọọrọ kan níwájú ìsọ̀ rẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí a gbé e síbẹ̀. Àwọn tí ń jókòó níbẹ̀ ni Bàbá Tíṣà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, akàǹkò kan, ìyẹn ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ọlọ́kọ̀ kan tí ń ná Ìbàdàn, Ìyá Aláṣọ tí ìsọ̀ tirẹ̀ kọjú sí ti oníwèé, àti àwọn olùkọ́ kéékèèké méjì mẹ́ta. Èmi náà ń bẹ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sanwó fún wa, kò sì sí ẹni tí ó pè wá.

Akàǹkò ni ó kọ́kọ́ dá òfin sílẹ̀. Ó ní ilé nìkan ni egbé mọ̀. Ó ní oògùn tí ń gbé ènìyàn padà ni, kì í ṣe oògùn tí ń gbé ènìyàn lọ. Ẹni tí kò bá dé Láńgbòdó rí kò lè sọ fún egbé pé kí ó gbé òun dé ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a kò ṣe lè sọ fún ẹyẹlé pé kí ó fò lọ sí ilé tí a kò tíì kọ́. Gbogbo wa mi orí. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ní rárá o, pé ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn àgbà awakọ̀ tí wọ́n kọ́ òun níṣẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ egbé dáadáa, pé ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ kọ lu igi, tí àyà ẹni bá já, nígbà náà ni ó ń gbé ènìyàn. Ẹ̀rù ni iná tí ń tanná ràn án. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ kò lè jí ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kí ẹ sọ fún ara yín pé kí ẹ̀rù bà yín kí ẹ lè tètè dé ibi iṣẹ́.” A rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé lóòótọ́ ẹ̀rù ni ó ba Àkàrà-oògùn ní ọjọ́ tí egbé gbé e.

Bàbá Tíṣà kò dá wọn lóhùn ní ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó tó gbé ìwé dé, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fà ya, ó sì wí pé kí a yé sọ̀rọ̀ egbé bí ẹni pé ọkọ̀ èrò ni. Ó ní ẹ wo àwọn tí ó bá a lọ: Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, Aràmàǹdà-ọkùnrin tí ó jẹ́ pé nígbà tí oòrùn bá ń mú ni òtútù ń mú un, tí òtútù bá sì dé ni ó ń làágùn. Egbé ẹnì kan kò lè gbé ẹni méjì. Bí Àkàrà-oògùn bá lo tirẹ̀, ó ti fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó nìyẹn, ojú wo ni yóò sì fi wo ọba? Bàbá ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó lò ó.

Ní tèmi, mo mọ ìdáhùn kan tí ó kúrú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: bí egbé bá gbé wọn, ìwé á parí ní ojú ewé kẹrin. Òǹkọ̀wé nílò ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ jáde, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ dàbí ẹni tí ó dé ibi tí a ti ń ta ayò tí ó wí pé ọmọ ayò kò ju kóró igi lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó bi í? Adùn rẹ̀ ni pé kí a gbà pé igbó náà wà, kí a gbà pé ó ní òfin, kí a sì wá òfin náà láti inú ohun tí a kọ nìkan. Ẹni tí ó bá mú òfin tirẹ̀ wá láti ilé láìsí ojú ewé tí yóò tọ́ka sí, ìyá oníwèé ni yóò kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́.

Kí ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni orí wa gbóná. Àwọn òyìnbó ṣe é kí a tó bẹ̀rẹ̀. Arthur Conan Doyle kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ń jẹ́ Sherlock Holmes, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dókítà Watson. Nínú ìwé kìíní, ní 1887, èjìká ni ọta ìbọn ti ba Watson lójú ogun. Nínú ìwé kejì, ní 1890, ẹsẹ̀ ni. Ó dájú pé òǹkọ̀wé gbàgbé ni, ṣùgbọ́n àwọn ònkàwé kò gbà. Àwọn kan ní ọta méjì ni ó bà á, àwọn mìíràn ní ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ọta náà dé, tí ó sì gba ibi méjì kọjá. Ní 1911, Ronald Knox, ẹni tí ó di àlùfáà lẹ́yìn náà, ka àròkọ kan sí etígbọ̀ọ́ àwọn ará Oxford, nínú èyí tí ó tú àwọn ìtàn náà wò bí ẹni ń tú Bíbélì wò. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ní 1934 wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní New York nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa tún dára ju tiwọn lọ, nítorí pé Fágúnwà fi iye sí i. “Irún” tí ó wà nínú irúnmalẹ̀, irinwó ni. Ní 1954 ó tún gbé Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje jáde, egbèje sì ni ẹgbẹ̀rún kan ó lé irinwó. Akàǹkò, tí í ṣe ẹni tí ó mọ ìṣirò owó, fi pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí sìgá: láti 1938 sí 1954, ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ̀rún kan ni àwọn ará igbó fi pọ̀ sí i, ó ju ọgọ́ta lọ lọ́dún. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ọdẹ fi ń rí wàhálà sí i. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ kéékèèké sì rán an létí pé Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé kìíní sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, tí ó sì sọ irinwó di ẹgbẹ̀rún ní àkọlé rẹ̀, akàǹkò ní á jẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ inú wọn láàrin ọdún 1954 sí 1968. Inú bí Bàbá Tíṣà. Ó ní igbó ọ̀tọ̀ ni Irúnmalẹ̀, ọ̀tọ̀ ni Elégbèje, pé a kò lè ka ará Ìkirè mọ́ ará Apòmù kí a wá sọ pé Ìkirè bímọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ibẹ̀ sì ni mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àkàrà-oògùn sọ fún wa nípa ìyá rẹ̀. Ó ní àjẹ́ paraku ni, pé òun ni ó pa àwọn orogún rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan baba rẹ̀ yin ìbọn lu ẹran igbó tí ń jẹ nínú oko. Nígbà tí yóò fi délé, ìyàwó rẹ̀ ni ó ti kú, ara rẹ̀ kò sì tíì padà tán sí ti ènìyàn. Ní 1949, Fágúnwà gbé Igbó Olódùmarè jáde, ìtàn baba Àkàrà-oògùn náà gan-an, Olówó-ayé, nígbà tí ó ṣì ń ṣe ọ̀dọ́. Níbẹ̀ ni a ti rí bí ó ṣe pàdé obìnrin náà, tí ó sì fi í ṣe aya. Àjẹ́dìran ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wá rí ìṣòro tí ó dé bá àwọn olófin wa: obìnrin kan náà, ìwé méjì, nínú ọ̀kan, ìyàwó tí ọkùnrin yàn fúnra rẹ̀, nínú èkejì, ẹni tí a gbọ́dọ̀ yin ìbọn lù.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ kéékèèké, ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ là, tí ó sì mọ̀wé, gbé òfin kan kalẹ̀. Ó ní orúkọ náà ti sọ ọ́: àjẹ́ ń dìran. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, kì í ṣe nínú ìwà. Ó lè sùn fún ogún ọdún kí ó tó jí, ìdí nìyẹn tí Olówó-ayé kò fi rí i nígbà ìfẹ́sọ́nà. Ó ní bákan náà ni ó wọ ara Àkàrà-oògùn láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ohun tí kò sì jẹ́ kí àwọn ẹbọra rí i pa nìyẹn. Bí a bá fi ti ìwé nìkan wò ó, òfin tí ó gún régé ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó fi dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tilẹ̀ ti ń mi orí sí i.

Ó bá tún ní, “Àbí ẹ̀yin kò mọ àpẹẹrẹ rẹ̀ ní àdúgbò wa níbí?” Ó sì dárúkọ obìnrin kan.

Ẹ̀yin ará, obìnrin tí ó dárúkọ yìí kò jìnnà ju ilé mẹ́ta lọ sí ibi tí a jókòó sí. Ẹ̀kọ ni ó ń tà. Opó ni, ìyá rẹ̀ náà ti kú opó, ọmọ méjì sì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan wà tí ó ti tó ilé ọkọ, àwọn kan sì ti wá tọrọ rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, wọ́n sì padà lẹ́yìn láìsọ ìdí. Gbogbo wa ni a mọ ìdí tí wọn kò sọ.

Ìyá Aláṣọ dìde. Kò pariwo o, èyí ni ó sì bà wá lẹ́rù, nítorí pé aláriwo ni í ṣe. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó rí i pé obìnrin náà ń pa ọmọ?”

Bàbá ṣí ìwé. Ó ní, “Ìyá Aláṣọ, Àkàrà-oògùn ni ó sọ ọ́.”

“Ta ni ó sọ fún Àkàrà-oògùn?”

Bàbá kò dáhùn kíá.

Ó ní, “Ẹ dákun, ta ni ó mú ìbọn lọ́wọ́ lóko?”

“Baba rẹ̀.”

“Ẹni tí ó mú ìbọn nìkan ni ẹlẹ́rìí, ẹ̀yin bàbá. Ẹni tí ó yìnbọn ni ó sọ fún ọmọ pé ẹran ni òun yìn ín lù. Ọmọ sì ṣe olóòótọ́, ó sọ ohun tí a sọ fún un, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ìwé méjì ni ẹ sọ pé ó wà. Nínú èyí tí obìnrin náà ṣì wà láàyè, ìyàwó ni. Nínú èyí tí ó ti kú, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àjẹ́ ni.”

Lẹ́yìn náà ni ó rán wa létí Kàkò. Kàkò, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn, àdá ni ó fi pa ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, nítorí pé obìnrin náà dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ sí Láńgbòdó. Ó ní, “Òun náà, ṣé àjẹ́ ni?”

Bàbá Tíṣà jẹ́ ẹni tí ń bọ̀wọ̀ fún ìwé, kò sì lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Fágúnwà kò kọ ọ́ báyìí, pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tí ń ròyìn ń parọ́, Àgbákò náà lè má sí mọ́, Láńgbòdó lè má sí, a óò sì ká àga wa nílẹ̀ kí a máa lọ sílé. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà náà. Ní ti ìwé, Bàbá ni ó jàre: òǹkọ̀wé fẹ́ kí a gbà pé àjẹ́ ni, ó sì sọ ọ́ kedere. Ṣùgbọ́n òfin tí a wá nínú Igbó Irúnmalẹ̀, inú Igbó Irúnmalẹ̀ ni kí ó wà. Ọmọkùnrin wa ti gbé e jáde, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìyá ẹlẹ́kọ, èyí sì ni ohun tí Ìyá Aláṣọ ń dá padà pẹ̀lú òfin tirẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọdún kan lẹ́yìn tí Igbó Olódùmarè jáde, láàrin 1950 sí 1951, àwọn Alátìńgà gba ìhà Dahomey, tí à ń pè ní Benin nísinsìnyí, wọ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n dé Ẹ̀gbádò, wọ́n ń jó, wọ́n ń nawọ́ sí àwọn obìnrin pé àjẹ́ ni wọ́n. Àwọn àgbà obìnrin, ìyá ọlọ́mọ, ni a fipá mú láti jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò mọ̀dí, tí a sì gba owó lọ́wọ́ wọn kí ìjọba tó fòfin de iṣẹ́ náà. Àwọn tí ń nawọ́ náà ní òfin tí ó gún régé, tí ó dáhùn ìbéèrè púpọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò bá mọ̀ mọ̀ pé ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ní ẹsẹ 210 rẹ̀, sọ pé ẹni tí ó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn ti dẹ́ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì lè tọ́ sí i. Mo ka ẹsẹ náà fún wọn ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ kékeré náà wá, ó sì jókòó. Kò fèsì. Nígbà tí ó yá ni ó dìde lọ ra ẹ̀kọ mẹ́wàá, ó gbé e wá fún wa lójú gbogbo ènìyàn, a sì jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá oníwèé ti fi lélẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ alààyè kankan lórí àga òun.

Àwọn ọmọ tí kò ka Fágúnwà ní igbó tiwọn. Tiwọn ni ìlú Jogbo, inú eré Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, àti Agogo Èèwọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ní 2002. Òfin ibẹ̀ hàn gbangba: ọba tí kò bá gba gbẹ́rẹ́ májẹ̀mú, tí ó sì dé adé idẹ, bí ó bá gbọ́ ìlù ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité kọ gbẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Lágata, ọ̀gágun tí ó fi ìbọn gba ìjọba, òun ni ìlù náà pa. Ọmọ-ọmọ ìyá oníwèé béèrè pé Lágata kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú, kí ló dé tí májẹ̀mú fi mú un? Ìyá Aláṣọ ni ó dá a lóhùn, ó ní ẹni tí ó bá fipá gba ìsọ̀ olówò, gbèsè tí ó wà lọ́rùn ìsọ̀ náà ti di tirẹ̀. Títí di òní, kò sí olùkọ́ kan nínú wa tí ó rí ìdáhùn tí ó dára ju èyí lọ.

Àwọn kan a sì máa gbé ọ̀rọ̀ wọn kan òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 1963 ni Fágúnwà kú sínú odò nítòsí Bídà, nígbà tí ó wà lẹ́nu ìrìn àjò iṣẹ́. Ẹ óò gbọ́ ọ kiri pé àwọn ẹbọra ni ó fà á wọlé nítorí pé ó tú àṣírí wọn, pé ó ti wọ igbó náà fúnra rẹ̀ rí. Èmi kò gbà á. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ó kàwé ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó ṣe olùkọ́, ó ní etí tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé náà. Bí a bá sọ pé àǹjọ̀nnú ni ó kọ ọ́ fún un, a ti gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Ní ti egbé, a kò tíì parí rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ti gba pé egbé ẹnì kan kò lè gbé ẹni méjì, ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí iṣẹ́ ọba parí ńkọ́, tí ó kù kí wọ́n padà wálé, tí ẹ̀rù sì wà lójú ọ̀nà? Ilé kúkú ni egbé mọ̀. Bàbá Tíṣà ti mú ìwé náà padà lọ sílé láti tún un kà láti ojú ewé kìíní. Ó ní kí a fún òun di Sátidé.